Ẹ̀yin tí wọ́n yàn, ẹ gbéra: bí wọ́n ṣe ń ránṣẹ́ pe àwọn tó ń dìbò yan ààrẹ Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un

Ọjọ́ 28 péré ni wọ́n fún wọn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 1789 ni àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ní láti yan àwọn èèyàn tí yóò dìbò fún ààrẹ àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè náà máa ní. Tó bá fi máa di ọjọ́ 4 oṣù kejì, gbogbo àwọn tí wọ́n yàn náà gbọ́dọ̀ ti pé síbi tí ìpínlẹ̀ wọn pè wọ́n sí, kí wọ́n sì dìbò lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yìí, wọ́n ní láti ka ìbò, kí wọ́n mọ ẹni tó wọlé, kí wọ́n kọ lẹ́tà, kí ẹnì kan gbé lẹ́tà náà gun ẹṣin, kó bá onítọ̀hún nílé rẹ̀, kí onítọ̀hún náà sì di ẹrù rẹ̀, kó gbéra. Tẹlifóònù kò sí nígbà náà, rédíò kò sí, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin kò tíì dé ilẹ̀ wọn. Àárín ìgbà òtútù ló tún bọ́ sí, nígbà tí yìnyín ń bo ọ̀nà, tí omi odò sì ń dì bí òkúta lápá àríwá.

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn ìdìbò yẹn, ti George Washington ni wọ́n sábà máa ń sọ. Àwọn tí wọ́n fi lẹ́tà pè láti wá dìbò fún un la fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí, nítorí pé gbogbo ètò náà lé wọn lórí, ẹni tí kò bá sì gbọ́ ìpè lásìkò, ìbò rẹ̀ sọnù nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ là á yé ara wa. Lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀, ará ìlú tó bá ti tó ọjọ́ orí ìbò ló ń lọ tẹ̀ka fún ẹni tó fẹ́ kó ṣe ààrẹ. Ti Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ìwé òfin tí wọ́n kọ nílùú Philadelphia lọ́dún 1787 sọ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò yan àwọn èèyàn kan, àwọn èèyàn wọ̀nyí ni yóò sì dìbò fún ààrẹ. Aṣojú olùdìbò la ó máa pè wọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iye sẹ́nétọ̀ tí ìpínlẹ̀ ní, tó jẹ́ méjì níbi gbogbo, la ó ro pọ̀ mọ́ iye aṣojú tó ní nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin kékeré. Iye yẹn náà ni aṣojú olùdìbò rẹ̀. Ẹni tó bá wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀, tàbí tó bá di ipò mú lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, kò lè ṣe é. Wọn kì í sì í pé jọ síbì kan. Ìpínlẹ̀ kálukú ni wọ́n ti ń dìbò, wọ́n á wá fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí olú ìlú.

Bí ìpínlẹ̀ ṣe máa yan àwọn èèyàn rẹ̀ kù sí i lọ́wọ́, nítorí náà kálukú ń ṣe tirẹ̀. Ní Connecticut, South Carolina àti Georgia, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ló jókòó tí wọ́n mú èèyàn. Ní Virginia, wọ́n pín ilẹ̀ sí àgbègbè 12, ará ìlú sì dìbò yan ẹnì kọ̀ọ̀kan láti àgbègbè kọ̀ọ̀kan. Ní Pennsylvania, gbogbo ìpínlẹ̀ ló dìbò fún èèyàn 10 lẹ́ẹ̀kan náà. New York ló ṣe èyí tó burú jù. Ilé aṣòfin méjèèjì tó wà níbẹ̀ jà lórí ọ̀nà tí wọn yóò gbà yan èèyàn wọn, wọ́n jà títí ọjọ́ fi kọjá, wọn kò sì yan ẹnikẹ́ni. Ìlú New York yìí kan náà ni olú ìlú ìjọba tuntun nígbà náà o! Wọ́n gba àlejò ààrẹ láìní ìbò kankan níbi tí wọ́n ti yàn án. North Carolina àti Rhode Island náà kò dìbò, torí wọn kò tíì fọwọ́ sí ìwé òfin náà.

Níbi tí àwọn aṣòfin ti ń yan èèyàn, iṣẹ́ ìkéde kì í fi bẹ́ẹ̀ le. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń yàn jẹ́ èèyàn pàtàkì tí gbogbo wọn mọ̀, àwọn mìíràn tiẹ̀ wà nínú ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀. Samuel Huntington tó jẹ́ gómìnà Connecticut wà lára àwọn méje tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ yàn. Ta ló fẹ́ gun ẹṣin lọ sọ fún gómìnà pé wọ́n yan gómìnà?

Níbi tí ará ìlú ti dìbò ni ọ̀ràn wà. Ọjọ́ 7 oṣù kìíní yẹn gan-an ni wọ́n dìbò ní Pennsylvania àti Virginia, ìyẹn ni pé ọjọ́ 28 tí a kà lẹ́ẹ̀kan ló gba kíkà ìbò, ìkéde àti ìrìn àjò pọ̀. Virginia ìgbà náà kì í sì í ṣe Virginia tòní. Ó gùn kọjá òkè ńlá títí dé ilẹ̀ tí a ń pè ní Kentucky báyìí, Richmond sì ni wọ́n ti máa dìbò. Massachusetts náà ló ni ilẹ̀ Maine lápá òkè lọ́hùn-ún, Boston sì ni ibi ìpàdé tirẹ̀. Àwọn ará Massachusetts fọgbọ́n ṣe é, wọ́n ti jẹ́ kí àwọn àgbègbè dìbò láti oṣù kejìlá ọdún 1788, kí àwọn aṣòfin lè mú lára àwọn tó gba ìbò jù tí ọjọ́ 7 oṣù kìíní bá pé. Pennsylvania náà gbìyànjú tirẹ̀: dípò kí wọ́n pe àwọn aṣojú wá sí Philadelphia tó wà létí ìpínlẹ̀, ìlú Reading ni wọ́n pè wọ́n sí, tó fi nǹkan bí 60 máìlì sún mọ́ àwọn ará ìgbèríko.

Lẹ́tà náà kì í gùn. Ohun tó ní láti sọ kò ju mẹ́ta lọ: pé wọ́n ti yàn ọ́, ibi tí wàá lọ, àti ọjọ́ tí o gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ẹni tó gbà á kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba tó jókòó sí ọ́fíìsì. Olóko ńlá ni, tàbí lọ́yà, tàbí oníṣòwò, tàbí sójà àtijọ́ tó jagun òmìnira. Ó lè má sí nílé. Ara rẹ̀ lè má yá. Ó sì lè rí i pé ipò kan tí òun dì mú kò jẹ́ kó tọ́ sí òun. Tó bá fẹ́ sọ pé òun kò ní lè wá, èsì rẹ̀ náà yóò tún gun ẹṣin padà lọ́nà tí lẹ́tà àkọ́kọ́ gbà wá, ọjọ́ kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ilé ìfìwéránṣẹ́ tó wà ní gbogbo Amẹ́ríkà lọ́dún 1790 kò ju 75 lọ. Ibi púpọ̀ ló wà tí lẹ́tà ìjọba kò ti lè dé àfi tí wọ́n bá rán èèyàn lọ ní tààràtà.

Báwo ló ṣe wá já sí? Èèyàn 73 ni iye tó kan àwọn ìpínlẹ̀ 10 tó kópa. Àwọn 69 ló dìbò. Ní Maryland, àwọn 8 ló yẹ kó wà níbẹ̀, àwọn 6 ló dìbò. Ní Virginia, ó yẹ kó jẹ́ 12, ó já sí 10. Kò pa Washington lára, torí gbogbo àwọn 69 yẹn ló kọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Òfin sọ pé ẹni tó fẹ́ ṣe ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ju ìdajì iye àwọn tí wọ́n yàn, kì í ṣe ìdajì iye àwọn tó wá. Ẹni tí wọ́n ti yàn tí kò wá, wọ́n ṣì ń kà á mọ́ iye. Ó wà lára àwọn tí a ó fi ìdajì wọn ṣe òṣùwọ̀n, kò sì sí ìbò rẹ̀ nínú àpótí. Bí ìdíje bá le, ẹni mẹ́rin tí wọn kò rí lè dá gbogbo ètò rú.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n kà mọ́ iye láìní ìbò rárá, a kò sì lè fò wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń ka èèyàn láti mọ iye aṣojú tó tọ́ sí ìpínlẹ̀, ẹrú márùn-ún ni wọ́n ń kà sí èèyàn mẹ́ta. Nínú ìkànìyàn ọdún 1790, ó lé ní 290,000 ẹrú tó wà ní Virginia. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ìlú olómìnira níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti Pennsylvania lọ, síbẹ̀ aṣojú olùdìbò 21 ni Virginia ní lẹ́yìn ìkànìyàn yẹn, Pennsylvania sì ní 15. Orí àwọn èèyàn dúdú tó ń ro oko ni wọ́n fi ra àwọn àfikún yẹn, lẹ́tà ìpè kankan kò sì kan ẹnì kan nínú wọn. Láwọn ọdún yẹn kan náà ni ọkọ̀ ojú omi ń kó ẹrú ní Àjàṣẹ́ àti Wídà níbi tiwa níhìn-ín, Brazil àti àwọn erékùṣù Karíbíà ni wọ́n sì ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ.

Ìránṣẹ́ tó kẹ́yìn nínú ìdìbò yẹn la mọ ìrìn àjò rẹ̀ dáadáa. Ìjọba tuntun yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́nétọ̀ kò tètè pé. Ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ni wọ́n tó rí èèyàn tó pọ̀ tó láti tú èdìdì ara àwọn ìwé ìbò. Washington ti gbọ́ fínrín-fínrín láti ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ pé òun ló wọlé. Àwọn ọ̀rẹ́ ń kọ̀wé sí i, ìròyìn sì ń lọ kiri. Kò torí ìyẹn gbéra. Ó jókòó sílé rẹ̀ ní Mount Vernon, ó ń dúró de ẹni tí wọ́n máa rán sí i. Charles Thomson, tó ti ṣe akọ̀wé ilé ìgbìmọ̀ láti ìgbà tí ogun òmìnira kò tíì bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n rán. Ó kúrò ní New York ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin, ó dé ọ̀dọ̀ Washington ní ọjọ́ 14. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko fún ọ̀nà tó lé díẹ̀ ní 200 máìlì! Òun fúnra rẹ̀ ròyìn lẹ́yìn náà pé ìjì, ọ̀nà tí kò dára, àti àwọn odò ńlá tí òun ní láti sọdá ló dá òun dúró. Nígbà tó dé, ó ka iṣẹ́ tí wọ́n rán an sókè, ó fi lẹ́tà lé e lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 16, Washington ti wà lójú ọ̀nà. Bí ìgbà òjò àti ẹrẹ̀ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí akọ̀wé ìjọba, ẹ fojú inú wo bí yóò ṣe rí fún ìránṣẹ́ kékeré tó ń wá ilé olóko kan nínú yìnyín oṣù kìíní.

Ojú ìjọba là sí i. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 1792, wọ́n ṣe òfin tó to iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n yí ọjọ́ ìdìbò àwọn aṣojú sí Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù kejìlá, wọ́n sì ní kí ìpínlẹ̀ yan wọn láàárín ọjọ́ 34 tó ṣáájú rẹ̀. Gómìnà gbọ́dọ̀ ṣe ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n yàn ní ẹ̀dà mẹ́ta, kó fọwọ́ sí i, kó sì rí i pé ó tẹ àwọn aṣojú lọ́wọ́, ó pẹ́ tán lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dìbò. Ìwé yẹn ni ẹ̀rí pé àwọn gan-an ni wọ́n yàn. Nígbà tí wọ́n bá dìbò tán, wọ́n á kọ èsì náà sí ìwé mẹ́ta, wọ́n á fi èdìdì dì í: ọ̀kan yóò gba ọwọ́ ìránṣẹ́ lọ sí olú ìlú, ọ̀kan yóò gba ilé ìfìwéránṣẹ́, ìkẹta yóò wà lọ́dọ̀ adájọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní àgbègbè náà. Oníṣòwò èyíkéyìí nínú wa mọ ọgbọ́n yẹn: a kì í kó gbogbo ọjà sínú ọkọ̀ kan. Bí èyí tó wà lọ́nà kò bá dé lásìkò, akọ̀wé àgbà ìjọba yóò rán èèyàn lọ gba èyí tó wà lọ́wọ́ adájọ́. Owó ìránṣẹ́ jẹ́ sẹ́ǹtì 25 fún máìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ gbígbé ìwé ìbò tí kò jẹ́ ẹ, yóò san ìtanràn 1,000 dọ́là, owó ńlá gbáà ni nígbà yẹn.

Lójú tiwa, ibì kan jò nínú òfin yìí. Wọ́n ta okùn mọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbé ìbò lọ, wọn kò sì ta nǹkankan mọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó yẹ kó wá dìbò. Òfin náà kò ní ìtanràn fún aṣojú tí kò bá wá, kò sì sọ ẹni tí yóò dípò rẹ̀ tó bá kú tàbí tí yìnyín bá dá a dúró. Lọ́dún 1792 yẹn náà, àwọn méjì ní Maryland àti ẹnì kan ní Vermont kò dìbò.

Ìtàn ọdún 1796 ní Pennsylvania ló fi hàn jù bí ọ̀nà jíjìn ṣe lè yan ẹni tí lẹ́tà yóò lọ bá. Washington ti ní òun ń lọ sinmi, John Adams àti Thomas Jefferson ló ń du ipò. Pennsylvania fẹ́ yan aṣojú 15, gbogbo ìpínlẹ̀ ló sì ń dìbò fún àwọn 15 náà pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dìbò ní láti mú ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ orúkọ 15 sí, torí wọn kò gba èyí tí wọ́n tẹ̀ lẹ́rọ. John Beckley tó ń ṣiṣẹ́ fún Jefferson kó èèyàn jọ, wọ́n ń dà orúkọ wọ̀nyí kọ sínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé, wọ́n sì ń pín in káàkiri. Iṣẹ́ náà so èso. Àwọn èèyàn Jefferson ṣíwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ náà kò pọ̀.

Àgbègbè kan ni wọ́n ń pè ní Greene. Igun gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló wà, lẹ́yìn òkè Allegheny, àwọn tó sì dìbò níbẹ̀, ti Jefferson ni wọ́n ń ṣe. Èsì wọn kò dé Philadelphia lásìkò. Gómìnà Thomas Mifflin kò lè máa dúró dè é, torí àwọn aṣojú náà gbọ́dọ̀ gbọ́ kí wọ́n sì gbéra kí Ọjọ́rú àkọ́kọ́ oṣù kejìlá tó pé. Ohun tó wà nílẹ̀ ló fi kéde. Nínú ìṣirò tí kò ní ti Greene, àwọn 13 láti ẹgbẹ́ Jefferson ló wọlé, àwọn méjì láti ẹgbẹ́ Federalist ti Adams sì bá wọn wọlé: Samuel Miles àti Robert Coleman. Àwọn méjì ará ẹgbẹ́ Jefferson tí Greene ìbá gbé wọlé, kò sí lẹ́tà tó lọ bá wọn.

Àwọn ẹgbẹ́ Adams kò tíì yọ̀ tán tí Miles fi já wọn kulẹ̀. Nígbà tó dé ibi ìdìbò, Jefferson ló kọ. Ẹ̀gàn tí wọ́n kó bá a nínú ìwé ìròyìn kò kéré. Wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni kó jẹ́, kì í ṣe èyí tó rán ara rẹ̀. Òfin kò lè mú un ṣá. Coleman nìkan ló dìbò fún Adams láti Pennsylvania. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, Adams ní 71, Jefferson ní 68, ẹni tó fẹ́ wọlé sì gbọ́dọ̀ ní 70. Ká ní èsì Greene dé lásìkò, Adams ìbá ní 70 géérégé, Jefferson ìbá ní 69. Adams ìbá ṣì wọlé, àmọ́ ká tún wá ní aṣojú rẹ̀ kan ṣàìsàn, tàbí ẹṣin rẹ̀ dá ní ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbá di ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e kún fún irú nǹkan báyìí. Aṣojú kan láti Kentucky kò dìbò lọ́dún 1808, ọ̀kan láti Ohio kò dìbò lọ́dún 1812. Lọ́dún 1816, àwọn mẹ́ta ní Maryland àti ẹnì kan ní Delaware kò wá rárá. Ẹgbẹ́ Federalist tí wọ́n ń ṣe ti ń kógbá sílé nígbà náà. Lọ́dún 1820, aṣojú mẹ́ta ló kú kí ọjọ́ ìdìbò tó pé, ẹnì kan ní Pennsylvania, ẹnì kan ní Tennessee, ẹnì kan ní Mississippi. Aṣojú mẹ́ta péré ni Mississippi ní, torí náà ìdá mẹ́ta ohùn rẹ̀ bá òkú lọ. James Monroe ló wọlé lọ́dún yẹn, kò tilẹ̀ sí ẹni tó bá a dupò, bóyá ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi pariwo.

Ọdún 1845 ni ilé ìgbìmọ̀ tó dí ibi tó ń jò náà. Wọ́n mú ọjọ́ kan ṣoṣo tí gbogbo ìpínlẹ̀ yóò fi máa yan aṣojú wọn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, wọ́n sì fún ìpínlẹ̀ láṣẹ láti ṣòfin bí wọn yóò ṣe fi ẹlòmíràn rọ́pò aṣojú tí àyè rẹ̀ bá ṣófo. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni Samuel Morse ti fi wáyà ránṣẹ́ láti Washington sí Baltimore. Láti ìgbà náà lọ, ìròyìn pé wọ́n yan èèyàn lè dé ilé rẹ̀ kí ẹṣin tó jáde nílé ìjẹ.

Àmọ́ wáyà kì í gbé èèyàn. Lọ́dún 1856, aṣojú márùn-ún ni Wisconsin ní. Gbogbo wọn gbọ́ pé wọ́n yan àwọn, gbogbo wọn sì mọ̀ pé ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ni. Ìjì yìnyín ká wọn mọ́ ọ̀nà. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ 4, ni wọ́n tó pé, wọ́n sì dìbò fún John Frémont bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìwé náà dé Washington, àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn bóyá ó tọ́ kí wọ́n ka ìbò ọjọ́ kejì mọ́ ti ọjọ́ kìíní, àríyànjiyàn náà sì le gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé James Buchanan ti ní ìbò 174, tí Frémont sì ní 114, tí ìbò márùn-ún kò sì lè yí ìyẹn padà.